Ẹsẹ̀ Ọmọ Lórí Itan Ìyàwó

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin àti ọmọkùnrin kan ti ń fẹ́ra kí ó tó mú un wálé wá kí wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún èmi náà, ó sì jẹ ẹ̀bà tí mo gbé fún un tán. Ilé iṣẹ́ kan ní Ọgbà ni ó ti ń ya àwòrán, irú èyí tó ń rìn tó sì ń sọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọdé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ìtàn ilẹ̀ ọba ńlá kan ni àwọn ń ṣe lọ́wọ́, pé ilẹ̀ ọba náà kò sí níbì kankan rí, àwọn ni àwọn jókòó tí àwọn rò ó: ọba rẹ̀, àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, àti àwọn ìdílé tó ń jẹ oyè níbẹ̀.

Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ro èyí tí kò sí, nígbà tí àwọn tó wà rí pọ̀ tó báyìí. Ó ní àwọn tó wà rí ṣì ní ọmọ, pé tí àwọn bá ya bàbá ẹnìkan láìdáa, àwọn ọmọ rẹ̀ á wá ká àwọn mọ́ ọ́fíìsì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi tó ń mu fi pá a lórí. Lẹ́yìn tó lọ, ọkọ mi ní òun kò ní nǹkan kan sọ sí i, kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀.

Ìgbà kejì tó wá ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike ṣe ìdérí ìgò ní Oregun ni mo wà. Èmi ni mo máa ń wo àwọn ìdérí bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ láti inú ẹ̀rọ, tí mo ń ṣa èyí tí etí rẹ̀ kò bá pé sọ́tọ̀. Ọmọkùnrin náà ti jókòó sí pálọ̀ wa, ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní òun ní ẹjọ́ kan tí òun fẹ́ kí n bá òun dá.

Ó fi àwòrán kan hàn mí. Ìyàwó tuntun ọba ni, adé ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé kan tó jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì sì wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ náà ń bu oúnjẹ sí ìyàwó yìí lẹ́nu.

Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìyàwó ọba wo ló máa kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní kí ó yọ ọ́ kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ṣé irọ́ ni?"

Mo ní kì í ṣe irọ́. Èmi fúnra mi ti jókòó sórí irú àpótí yẹn rí.

Ilé bàbá mi àgbà ní Agége ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì kó gbogbo bí wọ́n ṣe ń gbé ní agbo ilé wọn wá sínú ilé tí wọ́n kọ́, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, tí ọ̀ọ̀dẹ̀ gba àárín kọjá. Nínú ilé yẹn, ọjọ́ tí o wọlé ni wọ́n fi ń mọ ipò rẹ. Ẹni tí wọ́n bí sínú ilé ti wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ìyàwó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Nítorí náà, tí wọ́n bá bí ọmọ kan láàárọ̀ tí ìyàwó sì wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ọmọ náà ti jù ú lọ. Títí ìyàwó á fi darúgbó, kò gbọdọ̀ pe ọmọ náà lórúkọ. "Ọkọ mi" ni á máa pè é, tàbí kí ó fún un ní orúkọ tí òun nìkan á máa fi pè é.

Kí ìyàwó lè mọ èyí dájú ni wọ́n ṣe ń ṣe ohun tó wà nínú àwòrán yẹn. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ìyàwó bá sè nílé wa, ọkọ rẹ̀ kọ́ ló máa jẹ ẹ́. Ẹni tó kéré jù lọ nínú àwọn ọmọ ilé ni wọ́n máa gbé jókòó. Á gbé ẹsẹ̀ lé ìyàwó lórí itan, á jẹ òkèlè kan, á bu òkèlè kan sí ìyàwó lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ kí ìyàwó tó dìde. Tó bá kan ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n ní ilé kò tíì gba ìyàwó náà nìyẹn.

Èmi ni mo kéré jù nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi wọlé. Mo rántí pé itan rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo rántí pé ìyá bàbá mi di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú láti ẹ̀yìn, wọ́n dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi dùn mí, pé kí n má baà ta ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Mo rò pé gbogbo ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi dé ilé ọkọ mi, mo se oúnjẹ tán, mo kúnlẹ̀, mo ń wojú wọn. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní ọmọ tó kéré jù nílé dà? Ẹ̀rín pa wọ́n. Ìyá ọkọ mi ní, "Ẹ gbà mí o, ìyàwó ń wá ọ̀gá rẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo bá bá pàdé, ará Ọ̀yọ́, ará Ṣakí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ rí. Ilé wa nìkan ni.

Mo wá bi ọmọkùnrin náà pé ta ló sọ ọ́ fún un.

"Màmá àgbà wa ni mà, ìyá tó bí dádì mi. Àwọn la jọ ń gbé ní Ọgbà. Gbogbo ìyàwó tó wọlé wa ló ti ṣe é. Mọ́mì mi náà ṣe é." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Èmi gan-an ti jókòó sórí àpótí rí. Mo tọ̀ sí ìyàwó lára."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti wá. Ó ní Ìsẹ́yìn ni bàbá àgbà rẹ̀ ti wá, pé bàbá náà ti kú. Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Ìsẹ́yìn? Ó ní òun kò mọ̀.

Lálẹ́, mo da àwọn ìdérí tí wọ́n ti yọ sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ sórí tábìlì. A máa ń gbà wọ́n wálé, àwọn ọmọ àdúgbò ń fi wọ́n ṣeré. Mo ní kí àwọn pupa jẹ́ ọmọ ilé, kí àwọn funfun jẹ́ ìyàwó. Mo to bàbá mi àgbà, mo to àwọn ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo to bàbá mi àti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Mo ń wá ibi tí ìyá àgbà ọmọkùnrin yìí lè bọ́ sí. Tó bá jẹ́ pupa ni, ọmọ ilé wa ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì wà lára ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti ọmọ mi. Wọn kò lè fẹ́ra nìyẹn. Ní ìdílé wa, bí ó ti wù kí ó jìnnà tó, bóyá ti ìyá ni tàbí ti bàbá, wọn kì í gbà á. Mo gbé ìdérí síbí, mo gbé e sọ́hùn-ún. Gbogbo àwọn àǹtí mi ni mo mọ̀, mo mọ ilé ọkọ wọn. Kò sí èyí tó lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ọmọ mi bá mi níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màmi, ṣé torí pé ẹni méjì mọ bí wọ́n ṣe ń gúnyán, wọ́n ti di mọ̀lẹ́bí nìyẹn?"

Ó dúró díẹ̀, ó ń wo àwọn ìdérí náà, ó wá wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọkọ mi, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá, ẹni tí kì í fẹ́ ariwo ni. Ó ní ìdílé tèmi ni, kí n lọ bi wọ́n. Èsì tí mo bá mú bọ̀ ni òun máa gbà. Ó ní òun kò ní gba àna tó tún lè jẹ́ ọmọ òun.

Àbúrò bàbá mi obìnrin kan ṣoṣo ló kù nínú ilé Agége tó lè mọ̀. Ìyá ni mò ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Àwọn ni àbíkẹ́yìn bàbá mi àgbà. Mo bá wọn lórí ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi òróró wọ́ orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ wọn dúró sórí orúnkún.

Wọ́n ní ọmọ ilé kankan kò lọ sí Ìsẹ́yìn. Ìyàwó ilé kan ló jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó dàgbà jù ni. Ọkọ rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí ọmọ kankan. Àwọn àgbà ilé ní kí bàbá mi, tó tẹ̀ lé olóògbé, ṣú u lópó. Ìyàwó náà kọ̀. Ó ṣe opó rẹ̀ tán, ó di ẹrù rẹ̀, ó jáde, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Èmi kò tíì dáyé nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ létí mi rí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, Ìyá?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Èmi ni ọmọ tó kéré jù nígbà tí wọ́n gbé e wá. Itan rẹ̀ ni mo gbé ẹsẹ̀ mi lé."

Ara tù mí. Ìdérí funfun ni, kì í ṣe pupa. Mo ti fẹ́ dìde kí wọ́n tó fi ọwọ́ dá mi dúró.

Wọ́n ní kí n má tíì yọ̀. Wọ́n ní nígbà tó wà nínú opó, bàbá mi ló ń pọnmi fún un láràárọ̀. Àwọn ìyàwó ilé yòókù ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé omi yẹn ti pọ̀ jù fún ẹnìkan ṣoṣo. Nígbà tó sì jáde, àwọn kan ní òun nìkan kọ́ ló bá ẹrù rẹ̀ jáde. Bóyá oyún olóògbé ni o, bóyá ti bàbá mi ni o, bóyá kò sí nǹkan kan o, àwọn kò mọ̀. Ọmọdé ni àwọn.

Mo jókòó padà. Bàbá mi ti kú. N kò lè bi í. Bàbá mi, tó jẹ́ pé tí obìnrin bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì ni ó máa gbà. Mo ń gbìyànjú láti rí i pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́ lẹ́nu yàrá opó, n kò mọ irú ojú tí mo máa fi sí i. Tó bá jẹ́ òótọ́, ọmọ bàbá mi ni bàbá ọmọkùnrin yìí, èmi ni àǹtí rẹ̀, ọmọ mi sì ń fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá ní kí n yé wo ilẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ṣì wà láyé ní Ọgbà, kí n wá kẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la lọ. Ọmọ mi ní òun máa tẹ̀ lé wa, n kò sì lè dá a dúró. Ọmọkùnrin náà ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Màmá àgbà rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Wọ́n á tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ọmọ mi kúnlẹ̀. Ìyá kò kúnlẹ̀. Wọ́n dúró sáàárín pálọ̀.

"O ò mọ̀ mí," Ìyá ní. "Èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ lé ọ lórí itan."

Mo gbọ́ bí ọmọkùnrin náà ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, pé ẹnìkan ń pe màmá àgbà òun ní "o". Ṣùgbọ́n màmá náà gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Kì í ṣe ojú Ìyá ni wọ́n wò, ẹsẹ̀ wọn ni. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di apá àga mú, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi. Ẹ káàbọ̀."

Ìyá, tí kì í sunkún, nu ojú. Wọ́n ní kò tún sí eyín tó funfun níbẹ̀ mọ́, méjì ti yọ. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àwa yòókù dúró, a kò mọ ibi tí a máa fi ara sí.

Nígbà tí a jókòó tán, Ìyá kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ìyàwó," wọ́n ní, "nígbà tí o jáde nílé wa, ṣé ìwọ nìkan lo jáde?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé ọmọkùnrin náà. Nígbà tó yé e, ó wo ọmọ mi. Ọmọ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo wa, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun níbẹ̀.

Màmá àgbà tún gbé àwo ẹ̀wà sórí ẹsẹ̀, wọ́n ṣa òkúta kan kúrò.

"Ọkọ mi, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi jókòó nínú yàrá yẹn. Ìyá yín ló ń fọ aṣọ mi. Ẹ̀yin náà mọ ìyá yín. Ká ní wọn kò rí aṣọ nǹkan oṣù mi nínú oṣù kan péré, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé ọmọ ọmọ wọn jáde? Wọn ì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ni. Èmi nìkan ni mo jáde."

Mo fẹ́ béèrè ti bàbá mi, ẹnu mi kò gbà á. Wọ́n rí ojú mi. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹni tó ń pọnmi nìyí, àbí? Kò wọ yàrá mi rí. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń gbé e kà, á wú ikọ́ kí n lè mọ̀ pé ó ti dé, á wá sá lọ bí ẹni tí ajá ń lé."

Bàbá mi gan-an nìyẹn. Ikọ́ yẹn ni mo gbọ́ ní gbogbo ìgbà èwe mi. Ẹ̀rín gbé mi, omi sì ń bọ́ lójú mi, n kò mọ èyí tí mò ń ṣe nínú méjèèjì.

Ọmọkùnrin náà bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi wá ń ṣe àṣà ilé tí wọ́n ti kúrò. Wọ́n ní ọkọ àwọn kejì kò ní ẹnikẹ́ni ní Èkó. Nígbà tí ọmọ àwọn gbé ìyàwó wálé, kò sí àgbà tí àwọn máa bi. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìyàwó sílé ju bí wọ́n ṣe gba èmi lọ."

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá ń mi orí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti yanjú, ilé kò tíì yanjú. Ilé ló gba ìyàwó yìí, ilé kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ rí. Ìyàwó ilé wa ló ṣì jẹ́, ọmọ tí ìyàwó ilé wa bá sì bí, ọmọ ilé wa ni.

"Ọmọ tí ẹ kò bá mi wẹ̀, ọkọ mi?" ni màmá àgbà wí. Wọn kò bínú sọ ọ́.

Ọmọ mi ń wò mí, kí n sọ nǹkan kan. Ohun tí Ìyá wí tọ̀nà, ohun tí màmá àgbà wí náà tọ̀nà, n kò sì rí bí àwọn méjèèjì ṣe lè tọ̀nà pọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo.

Ìyá wá ní ebi ń pa àwọn. Màmá àgbà fúnra wọn ló wọ ilé ìdáná, wọn kò jẹ́ kí ọmọ mi bá wọn gbé e. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni. Wọ́n gbé e wá, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú àga tí Ìyá jókòó sí, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé ẹsẹ̀ Ìyá méjèèjì lé orí itan wọn. Ìyá jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ sí màmá àgbà lẹ́nu. Màmá àgbà jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n gbé e sílẹ̀. Orúnkún dùn wọ́n, wọ́n sinmi. Wọ́n gbé ti òsì náà.

"Ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀," wọ́n ní. "Ilé ti jọ̀wọ́ ẹ. Dìde, màmá. Ẹ dìde."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá máa pe màmá àgbà ní "ẹ" nìyẹn.

Nínú kẹ̀kẹ́, mo bi Ìyá pé ṣé wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí, láti gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ tú ìyàwó sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ọ rí. Mo ní ṣé ó wá jẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú, pé ta ló kù nílé tó máa sọ pé kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo jíṣẹ́ fún ọkọ mi. Ó ní kí àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò tíì rí dáhùn. Tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀hún, yóò kúnlẹ̀ fún ọmọ tó kéré jù nílé wọn, ọmọ náà yóò sì gbé ẹsẹ̀ lé e lórí itan. Àṣà ilé tiwa ni. Ta wá ni ń gba ta sílé? Mo tún da àwọn ìdérí sórí tábìlì lẹ́yìn tó béèrè, mo tò wọ́n, mo kó wọn kúrò.

Ọjọ́ tí mo padà lọ kí màmá àgbà ní èmi nìkan, mo ti ń rò ó láti ilé. Àna mi ni wọ́n máa jẹ́, wọ́n sì dàgbà jù mí lọ fíìfíì, nítorí náà mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn náà ti gbọ́ ohùn mi, wọ́n ti dìde lórí àga, ìkúnlẹ̀ kò tọ́ sí mi lọ́wọ́ ìyàwó tó wọlé kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ló wọlé, ara wọn kò sì tíì gbàgbé. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, àwọn náà ti wà lórí orúnkún. Mo ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní kí èmi dìde. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò fẹ́ kọ́kọ́ dìde, a sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí a di ara wa lápá mú, títí ọmọkùnrin náà fi ti yàrá jáde, tó wò wá, tó bi wá pé kí ló bọ́ sílẹ̀ tí a ń wá.